Àpò Ẹ̀ṣẹ́ Tí Mo Rán fún Tọ́pẹ́

Nígbà tí mo kúrò ní Kétu tó wà ní òdìkejì ibodè Nàìjíríà, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè mi ni mò ń lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò wa kan ti lọ sí Àbíjàn, àwọn kan lọ sí Gábọ́nù, ìròyìn ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀ kò sì dára. Tèmi yàtọ̀, Nàìjíríà ni, ilẹ̀ Yorùbá ni. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí mo dé Òrè, mo kí obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, mo sì bi í pé níbo ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ajué. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ègùn ni." Ẹnì kejì náà fèsì ní èdè kan tí kò yé mi, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tọ́ka ọkọ̀ hàn mí tán, mo dúpẹ́, mo lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn bá mi wọ ọkọ̀.

Èmi kì í ṣe Ègùn. Ọmọ Kétu ni mí, ìlú tó ní ọba aládé, tí ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n fi ń yangàn ní Nàìjíríà lọ. Bí bàbá mi àgbà bá wà láyé tó gbọ́ pé wọ́n pe ọmọ òun bẹ́ẹ̀, ilé ì bá gbóná lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní Òrè, ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì ibodè wá, Ègùn ni, bí kò bá sì jẹ́ Ègùn, ará Kútọnu ni. Mo jẹ́ orúkọ méjèèjì títí ó fi sú mi láti máa ṣàlàyé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni èdè wọn. Ìkálẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ Yorùbá ilé ìwé tí gbogbo ayé ń gbọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á padà sínú tiwọn bí ẹni tó wọlé tó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ lójú. Ohun tí àwa ń pè ní ọwọ́, ọghọ́ ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ìró kan tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Mo máa ń dán an wò ní yàrá mi nígbà tí n kò bá ní ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀, kò sì bọ́ sí i rí. Owú àkọ́kọ́ tí mo jẹ ní Òrè, owú èdè ni. Mo jowú àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fi í bú ara wọn lójú pópó.

Ilé àbúrò ìyá mi ní Ajué ni mo kọ́kọ́ dé sí. Gààrí ló ń yan. A ń bẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, a ń yan gààrí lọ́sàn-án, èéfín sì ń fọ́ wa lójú títí di ìrọ̀lẹ́. Òjò ibẹ̀ kì í dá mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, igbó sì yí wa ká débi pé díẹ̀ ni ènìyàn ń rí nínú ojú ọ̀run. Kétu tèmi, ọ̀dàn ni, ojú a máa rí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àǹtí mi rí i pé mò ń rù, ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó mọ̀ ní Òrè, Ọ̀gá Múrí, tó ń rán àga ọkọ̀ àti tapólì tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń bo ẹrù. Mo ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán nílé, ó sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún. Mo kó lọ sí Òrè, mo gba yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

Ọ̀gá Múrí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń gbọ́ rédíò, á kírun, á sì gé awọ. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú náílọ́ọ̀nù rán ohun tí máṣíìnì kò lè gùn wọlé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bí iṣẹ́ ṣe lè tẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí a bá ti pa ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, n kò ní ibì kan láti lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù sílé kí n tó lọ. Lóṣù kejì, ó sọ fún mi pé ọmọ aládùúgbò wa kan, Àdúkẹ́, ti ń wá sùn ti òun, kí òun má baà dá wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, kò sí ìgbà tí mo pè tí n kò ní gbọ́ orúkọ Àdúkẹ́. Àdúkẹ́ ti pọnmi. Àdúkẹ́ ló se ọbẹ̀ tí òun jẹ lánàá. Yàrá mi ló ń sùn, orí ẹní mi. Lọ́jọ́ kan, a wà lórí fóònù, ìyá mi sì gbé ẹnu kúrò díẹ̀, mo gbọ́ tó ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé àga yẹn wá." Mo ti fẹ́ dáhùn kí n tó rántí pé èmi kọ́ ló ń pè.

Ọkùnrin kan wà ní Òrè tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà kíkbọ́sìn, ìjà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá jà, Kóòṣì Dáre ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni gbọ̀ngàn rẹ̀ wà, páànù ló fi ṣe òrùlé, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìyẹ̀pẹ̀. Ó gbé àpò kan tó ti ya wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àpò ìrẹsì méjì ni wọ́n kì bọ inú ara wọn, tí wọ́n rọ yanrìn kún. Yanrìn ń dà lẹ́yìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ní àwọn ń lù ú ni. Ọ̀gá Múrí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá a fi tapólì rán òmíràn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí gbọ̀ngàn nígbà tí mo rán an tán, nítorí mo fẹ́ rí bí okùn tí mo fi so ó yóò ṣe gbé e. Wọ́n fi ṣéènì gbé e kọ́ igi àjà. Mo na ọwọ́, mo kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣeré. Kóòṣì ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó wá mú ìkúùkù mi, ó yọ àtàǹpàkò mi síta nítorí inú ni mo ká a mọ́, ó mú ọrùn ọwọ́ mi tọ́, ó fi ìka tẹ oríkèé ìka ìlábẹ̀ àti ti ìka àárín. Ó ní àwọn méjì wọ̀nyí ni kí n máa fi kàn án, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ lé wọn, kí n má fi ìka kékeré kàn án láéláé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọghọ́ rẹ dáa." Ọ̀rọ̀ wọn tí mo ti ń dán wò ní yàrá, ẹnì kan wá fi í yìn mí. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo sì ń padà wá láti ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí àpò ẹ̀ṣẹ́ jẹ́. Èèyàn a máa rò pé ohun yòówù tó bá wúwo tó sì gbé ara kọ́ ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn a máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìdí àpò á ti di òkúta. A ní ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń dà sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Òrè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fúnni, ṣùgbọ́n nígbà òjò ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń dì gbagidi. Èyí tó dára jù ni àjákù aṣọ, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń dà nù. Bí àpò bá fúyẹ́ jù, á máa sá fún ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó ń lù ú á sì rò pé òun lágbára. Bí ó bá wúwo jù, ọrùn ọwọ́ ni yóò sanwó rẹ̀. Èyí tó bá wúwo tó ìdajì ẹni tó fẹ́ lù ú ló dára fún olùbẹ̀rẹ̀. Kó gba ọwọ́ wọlé díẹ̀, kó sì dá a padà, bí ikùn ẹni tó jẹun yó.

Ọwọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. A kì í fi ọwọ́ lásán lu àpò, a máa ń wé e ní báńdéèjì láti ọrùn ọwọ́ dé oríkèé ìka, kí a tó ki ìbọ̀wọ́ bọ̀ ọ́. Kóòṣì máa ń ní kí a dojúbolẹ̀, kí a fi ìkúùkù gbé ara wa sókè sódò, lórí ìyẹ̀pẹ̀ ní oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà lórí pákó. A máa ń fún aṣọ tútù. A máa ń ti ọwọ́ bọ inú abọ́ ìrẹsì, a ó sì máa ṣí i, a ó máa pa á dé nínú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ń lu ògiri kí ọwọ́ rẹ̀ lè le, dókítà ló ń wá iṣẹ́ fún.

Tọ́pẹ́ ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ọmọbìnrin Àgọ́ Aláyè kan ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, "Àǹtí" ló sì ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. A wúwo bákan náà, nítorí náà àwa méjèèjì ni Kóòṣì máa ń dà pọ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ agbéraga ni, n bá ti rí ibi fi ẹ̀sùn lé. Ó máa ń bá mi wé ọwọ́ mi. Ó máa ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi láti oko bàbá rẹ̀. Bí òun àti Kóòṣì bá sì ń fi Ìkálẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n rẹ́rìn-ín, á yíjú sí mi, á túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá túmọ̀ kì í pa ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, máa ń gun ọ̀kadà wá ní Sátidé láti wo ọmọ rẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á di ọwọ́ mọ́ orúnkún. Bí Tọ́pẹ́ bá ti ju ẹ̀ṣẹ́ kan tó dára, á mi orí. Ohun tó ń ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti na Tọ́pẹ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí mo sì ti ń na án lọ, ojú mi wà lára bàbá náà, mo ń wò ó bóyá yóò mi orí fún èmi náà.

Ìròyìn wá dé láti Àkúrẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn obìnrin jọ fún ẹgbẹ́ kíkbọ́sìn ìpínlẹ̀, pé gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan lè mú obìnrin kan wá fún ìwọ̀n ìwúwo kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì ní èmi àti Tọ́pẹ́ yóò jọ jà ní Sátidé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ, ẹni tó bá borí ni yóò mú dání. Àwọn ọkùnrin kan jókòó níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ru pákó, fi Yorùbá tí mo lè gbọ́ sọ ọ́ pé ọmọ onílẹ̀ ló yẹ kó lọ. Bóyá Kóòṣì kò gbọ́. Èmi gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá Tọ́pẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fẹ́ kí a rán àpò kan fún ọmọ òun, tí yóò gbé kọ́ sí ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ní Àgọ́ Aláyè, kí ó lè máa lù ú nílé pẹ̀lú. Ọ̀gá Múrí tọ́ka sí mi, ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n rán. Bàbá náà kí mi kú iṣẹ́, ó ní kí n bá òun ṣe é dáadáa, ọmọ kan ṣoṣo tí òun ní ni.

Mo ṣe é dáadáa. N kò mọ̀ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ní àbòsí. Mo ṣa awọ tó nípọn lára èyí tí a tú kúrò lára àga tírélà kan, mo fi kánfáàsì tẹ́ ẹ nínú ní ìlọ́po méjì. Mo lọ kó àjákù aṣọ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, mo jókòó tì í, mo ń já bọ́tìnnì àti síìpù kúrò lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè gba inú awọ fa ọwọ́ ya. Mo ń tò ó ní ìpele, mo ń fi ọmọ odó kì í mọ́lẹ̀. N kò fi yanrìn sí i rárá, nítorí mo mọ ọwọ́ Tọ́pẹ́, mo mọ̀ pé egungun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Òwú wà lọ́wọ́ mi, owú wà lọ́kàn mi. Bí mo ti ń fa òwú náà ni mò ń rò ó pé ta ni yóò rán irú èyí fún èmi, bàbá ta ni yóò gun ọ̀kadà wá sọ pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun ní ni mí.

Nígbà tí ó parí, mo gbé e kọ́ igi inú ṣọ́ọ̀bù, mo kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan. Ó gba ọwọ́ mi, ó sì dá a padà. N kò tíì lu àpò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Tọ́pẹ́ wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó lù ú, ó pariwo ayọ̀, ó dì mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Bí wọ́n ti ń dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo yíjú kúrò.

Àpò yanrìn àtijọ́ kan wà ní igun gbọ̀ngàn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń lu àpò láti ọdún pípẹ́ nìkan ni Kóòṣì ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí ti Tọ́pẹ́ bá rọ̀, tèmi yóò le. Ọwọ́ tí yanrìn bá kọ́, kò sí ẹgbẹ́ tó lè kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kí n tó lọ síbi iṣẹ́. N kò wé ọwọ́, n kò wọ ìbọ̀wọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi wú, mo sì ń wo wíwú náà pẹ̀lú ìdùnnú, mo rò pé líle ló ń le. N kò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́. Mo sọ fún Ọ̀gá Múrí pé oyin ló ta mí.

Ní òwúrọ̀ kan, mo rántí ọkùnrin tó ń ru pákó yẹn, mo rántí Àdúkẹ́ lórí ẹní mi, mo sì gbé gbogbo ara mi lé ẹ̀ṣẹ́ kan. Ọrùn ọwọ́ mi yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré ló kan ìdí àpò. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a dá igi gbígbẹ. Mo jókòó sórí ìyẹ̀pẹ̀. Mo kàn ń wo ọwọ́ náà bí ó ti ń yí padà níwájú mi.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yà á ní àwòrán, wọ́n ní egungun tó wà lẹ́yìn ìka kékeré ti dá. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun dì í. Ọ̀gá Múrí kò lé mi. Ó ní kí n máa fi ọwọ́ òsì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara awọ, òun yóò máa gé e. Kóòṣì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ta ni ó ń lé ọ?" Ohun tó bi mí nìyẹn.

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Ṣé o ti rí kòkó tí wọ́n fi iná gbẹ rí? Wọ́n ń kánjú kí ẹni tó ń ra kòkó tó dé. Ó máa ń yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín ni yóò máa rùn, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Oòrùn ni kòkó ń fẹ́, díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun rí."

Ó dìde, ó lọ. Tọ́pẹ́ ló mú lọ sí Àkúrẹ́.

N kò sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ mi dá. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pè, Àdúkẹ́ ló gbé fóònù, ó ní Màmá ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó bímọ. Àwa méjèèjì kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Mo fẹ́ pa fóònù, ṣùgbọ́n ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè àlàáfíà mi, lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Ó ní báwo ni mo ṣe máa ń ro ọkà ìyá mi. Gbogbo ọ̀nà tí òun ti gbà rò ó, Màmá á jẹ ẹ́, á dúpẹ́, á sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọmọ òun ṣe ń rò ó. Ó ní bí òun bá gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe ń gbá a. Bí òun bá di irun fún un, ọwọ́ mi rọ̀ ju ti òun lọ. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹni tó fẹ́ sunkún. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọwọ́ mi. Mo wá sọ fún un bí a ṣe ń rò ó, pé kí omi náà má hó jù, kí ó sì rò ó lórí iná títí tí apá á fi máa dùn ún. Mo fi ìkọ̀kọ̀ kan pamọ́ níbẹ̀ fún ara mi, pé ìyá mi fẹ́ràn kí ó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyẹn, tèmi ni.

Tọ́pẹ́ borí ní Àkúrẹ́. Ó na gbogbo àwọn tí wọ́n gbé kò ó, wọ́n sì mú un sínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Ọjọ́ tó padà dé, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè kiri Òrè, gbogbo gbọ̀ngàn kún. Mo gbọ́ ariwo wọn láti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí Ọ̀gá Múrí jẹ́ kí n ka tapólì tó wà nílẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò sí ìdí tí a fi ní láti ka tapólì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n kà á.

Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sórí òkìtì tapólì. Mo kí i kú oríire. Ó dúpẹ́, ó ń fi ọwọ́ fa etí aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí, wọ́n ní kí n wá máa gbé Àkúrẹ́," ó ní. "N kò tíì gbé ibòmíràn rí. Ẹ̀rù ń bà mí. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo wò ó. Àkúrẹ́ tí ó ń wí yìí, ọkọ̀ kan ni, ọjọ́ kan náà ni ènìyàn á dé ibẹ̀ tí á sì padà. Mo fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi í pé ṣé ó mọ bí ibodè ṣe rí. Ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo ti dé. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní kí ó wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ilé máa ń pe ènìyàn. Mo ní kí ó má pe bàbá rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á, kí ó jẹun ná, kí ó tó pè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹkún ni yóò fi sọ̀rọ̀. Mo ní bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní àpèdà, kí ó tún un ṣe fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí bí ó bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó mi orí. Ó wo símẹ́ńtì tó wà lọ́wọ́ mi.

"Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín ni, Àǹtí, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá lọ."

Ó sọ ọ́ tinútinú. Mo gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Oúnjẹ ni mo fi í ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí mo bá jí, mo ń jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Tọ́pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ní ọmọ Àgọ́ Aláyè ti ń gbé orúkọ wa ga, mo ń rọra jẹ ẹ́ nínú lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ mi, ó ti rù, ó rọ̀ bí ti ọmọ tuntun. Kóòṣì dá mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ tútù ni mo kọ́kọ́ ń fún. Lẹ́yìn náà abọ́ ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìkúùkù kan ilẹ̀, láì gbé ara lé e. Ó pẹ́ kí ó tó gbà mí láyè láti lu àpò, àpò àjákù aṣọ tó fúyẹ́ jù lọ, ọwọ́ mi sì wà nínú báńdéèjì bí ọmọ ọwọ́ nínú ọ̀já. Mo gbà fún un. Láàárín ìgbà náà, àwọn tó rí àpò Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Ẹnì kan ránṣẹ́ láti Òkìtìpupa, òmíràn láti Ondó. Ọ̀gá Múrí fún mi ní igun kan ní ṣọ́ọ̀bù fún iṣẹ́ náà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àǹtí Alápò. Orúkọ Ègùn kò tán, ṣùgbọ́n ó ń wọ́n.

Mo máa ń rò ó nígbà náà, kí ni ènìyàn fi ń jẹ́ ọmọ ibì kan. Ní Kétu, ẹlòmíràn wà lórí ẹní mi. Ní Òrè, ẹlòmíràn wà ní ipò tí mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ tèmi. Mo dà bí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà láàárín ilé méjì, tó ń wo iná tí wọ́n tàn nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń jowú kì í rójú wo ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mo mọ èyí, mo sì ń jowú náà lọ.

Tọ́pẹ́ wálé fún Kérésìmesì. Kóòṣì kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní a jẹ òun ní gbèsè Sátidé kan tí ọwọ́ mi kò jẹ́ ká jà, pé kí àwa méjèèjì wá jà á tán. Ọwọ́ mi ti sàn pátápátá. Mo ti ń lu àpò líle láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, oríkèé ìka mi méjèèjì ti le bí ọ̀pá, wọn kì í sì í wú mọ́. Mo gbà kíákíá. Ohun tí mo ti ń jẹ fún oṣù wọ̀nyẹn, mo fẹ́ kí gbogbo Òrè wá wo bí ó ṣe rí.

Ọ̀sán ni. Gbọ̀ngàn kún, àwọn ọmọ gáráàjì wá, Ọ̀gá Múrí náà wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Tọ́pẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ní abala kìíní, mo gbá a dáadáa. Mo kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan láyà tó mú un sún sẹ́yìn, mo sì gbọ́ tí àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ọwọ́ mi kò dùn mí rárá. Mo sọ fún ara mi pé ó tán.

Ní abala kejì, n kò rí i mọ́. Ibi tí mo ju ẹ̀ṣẹ́ sí, ó ti kúrò níbẹ̀. Kì í sá, ó kàn ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹra fún omi ìdọ̀tí lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ni mo sì ń lù. Àpò kì í gbé ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Òrè, àpò ni mo mọ̀, ìwúwo rẹ̀, inú rẹ̀, ojú ìrán rẹ̀. Òun ti lọ kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn jà. Ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì kàn mí ní ẹ̀ṣẹ́ kan ní ìhà tí n kò rí ibi tó gbà wá. Mo kúnlẹ̀. Èémí mi lọ. Mo dìde kí Kóòṣì tó kà á tán, mo sì jà á dé òpin, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ̀, èmi náà sì ti mọ̀. Nígbà tí Kóòṣì gbé ọwọ́ Tọ́pẹ́ sókè, mo ti na tèmi láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ń retí kí owú yẹn dé bí ó ti máa ń dé. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ìrora yìí yàtọ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí ló fi nà mí. Kì í ṣe bàbá rẹ̀, kì í ṣe èdè rẹ̀, kì í sì í ṣe egungun mi tó dá. Ẹsẹ̀ ló fi nà mí, a sì lè kọ́ ẹsẹ̀.

Tọ́pẹ́ wá jókòó tì mí, òógùn bò ó. Ó ń tú báńdéèjì ọwọ́ mi fún mi, bí ó ti máa ń ṣe. Ó béèrè bóyá ìhà mi dùn mí jù. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń padà sí Àkúrẹ́.

"Ọ̀túnla," ó ní.

"Wá síbí lọ́la, ní àárọ̀. Wá fi bí o ṣe ń gbé ẹsẹ̀ yẹn hàn mí."

Ó wo ojú mi bóyá eré ni mò ń ṣe.

"Àǹtí, ìhà yín ńkọ́?"

"Ìhà mi á wà níbẹ̀," mo ní. "Má pẹ́."